Láti Ẹ̀bá Iná Padà sí Ojú Omi

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa, ẹ ní kí àwa tí a ti fẹ̀yìn tì wá sọ iṣẹ́ tí a fi ayé wa ṣe, kí ẹ lè mọ èyí tí ẹ óò mú àti èyí tí ẹ óò fi sílẹ̀. Mo dúpẹ́ pé ẹ rántí mi. Tèmi kì í ṣe iṣẹ́ tí a ń fi yangàn. Ìwé ni mo ń kà. Mi ò kọ ìwé, mi ò tà á, mi ò sì gun orí àga ìwàásù rí. Mo kàn ń ka Bíbélì sétí àwọn obìnrin tó ń yan ẹja létí ọ̀sà ní Àjídò ni, láti ìgbà tí irun mi dúdú títí tí ó fi funfun. Dọ́káàsì ni wọ́n fi sàmì fún mi, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé Àjídò tí ẹ béèrè Dọ́káàsì, wọn kò ní mọ̀ ọ́n. Ẹ béèrè Òǹkàwé.

Bí mo bá dijú báyìí, èéfín ni mo ń kọ́kọ́ rí. Èéfín èèpo àgbọn, tó ń rìn lọ sójú omi bí ẹni tí kò mọ ibi tó ń lọ. Lẹ́yìn náà ni mo ń gbọ́ ohùn ara mi, tó ń kàwé nínú èéfín náà, tí mi ò rí ẹni tí mò ń kà á fún. Nígbà mìíràn n kì í mọ̀ bóyá èmi ni mò ń kàwé ni, tàbí ìwé ló ń kà mí.

Ìkógà ni wọ́n ti bí mi. Àwórì ni bàbá mi, Ẹ̀gùn ni ìyá mi, nítorí náà èdè méjèèjì ni mo fi mu ọmú. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni mo lọ. Nígbà tí mo jáde, ìjọ ń wá obìnrin tí yóò máa lọ kàwé ní abúlé etí ọ̀sà, torí àwọn tó ń yan ẹja kò lè wá sí kíláàsì Bíbélì láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹja kì í dúró de agogo ìjọ. Wọ́n bi mí, mo ní mo gbà. Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ nìyẹn. Ní ti owó oṣù, ó kéré, ó sì tó. Ẹ jẹ́ kí n kọjá níbẹ̀.

Bàbá Kátíkíìsì ló kọ́ mi níṣẹ́. Ọmọ Ẹ̀gùn ni, ó ga, ó sì gbẹ bí ọ̀pá ìtukọ̀, n kò sì rí i kó rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́ rí. Wọ́n ní tútù ni ẹja ṣeé ká, bó bá gbẹ, yóò ṣẹ́. Bàbá ká mi nígbà tí mo tutù. Á mú mi wọ ilé ìsìn lọ́sàn-án gangan, nígbà tí kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, á lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn pátápátá, á dijú. Á ní kí n máa kà. Bí mo bá gbé ọ̀rọ̀ kan mì, á fi òrùka rẹ̀ kan bẹ́ǹṣì: kó! Mo gbọ́dọ̀ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ orí náà nìyẹn. Kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ẹsẹ o, ìbẹ̀rẹ̀ orí.

Lọ́jọ́ kan mo ní, "Bàbá, ẹsẹ kan ṣoṣo ni mo ṣì. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ máa lọ."

Kò lajú. Ó ní, "Dọ́káàsì, ta ní ń gba ojú fèrèsé wọlé?"

Mo ní, "Olè ni, sà."

"Ẹnu ọ̀nà ni kí o gbà."

Òfin tó ga jù nínú iṣẹ́ wa nìyẹn. A kì í já wọ àárín ìtàn. A kì í fa ẹsẹ kan yọ kí a máa fì í kiri bí ẹni tó já ewé lórí igi. Bí ènìyàn bá dìde nígbà tí ìwé kíkà ń lọ, kó máa lọ ní àlàáfíà. A kì í pè é padà, a kì í sì í fò síwájú nítorí tirẹ̀. Bàbá ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ wọlé yóò gba ibẹ̀.

Ohun kejì tó kọ́ mi ni bí a ṣe ń tọpa ọ̀rọ̀. Ìwé atọ́ka kan wà lọ́wọ́ ìjọ, ó tóbi tó àpótí ìjókòó, èdè Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Bí o bá fẹ́ mọ gbogbo ibi tí "ìmọ́lẹ̀" wà nínú Bíbélì, wàá wá a ní èdè Òyìnbó nínú atọ́ka, wàá mú ibi tí ó tọ́ka sí, wàá ṣí Bíbélì Yorùbá, wàá tún ṣí ti Ẹ̀gùn, wàá wá tẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ẹní, wàá sì máa ti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì. Ọ̀rọ̀ kan lè jẹ odindi ọ̀sán. Bàbá Kátíkíìsì a máa fi í wé àwọ̀n títún ṣe: o di okùn kan mú, o ń tẹ̀ lé e láti kókó dé kókó, títí wàá fi rí ibi tó ti já. Mo fẹ́ràn àwọn ọ̀sán wọ̀nyẹn. Afẹ́fẹ́ òkun á máa ṣí ìwé tí mi ò ṣí, ọ̀rọ̀ kan tí Mósè sọ á sì wá dáhùn lẹ́nu Jòhánù, bí ìgbà tí ènìyàn méjì ń kí ara wọn láti òdìkejì omi.

Ìgbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn pé mo mọ̀wé kà, ó gbé àpótí onígi kan fún mi, àwọn ìwé náà wà nínú rẹ̀, a fi rọ́bà bò ó nítorí omi. Ó ní kí n máa lọ sí Àjídò.

Maùtin ló ń tu ọkọ̀ tó ń gbé mi. Géńdé ọkùnrin ni, aláwàdà, ẹni tí àwọn apẹja mọ̀ sí atukọ̀ tó dájú. Ìyá rẹ̀ ni àgbà láàárín àwọn tó ń yan ẹja, orúkọ tí gbogbo wa sì ń pè é ni Ìyá Maùtin. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí nìyẹn.

Maùtin á wo àpótí náà, á ní, "Òǹkàwé, gbogbo àwọn tó wà nínú àpótí yìí, ṣé a rí atukọ̀ kan níbẹ̀?"

Mo ní, "Wọ́n pọ̀ níbẹ̀. Apẹja ni Olúwa kọ́kọ́ pè."

"Ṣé ẹ rí i! N óò sọ fún ìyá mi. Ó ní tí mi ò bá lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀, mi ò ní rójú rere òun."

Ìyá Maùtin jẹ́ ẹni tó máa ń fetí sí ìwé dáadáa nígbà náà. Bí mo bá ń kà á, á máa yí ẹja padà lórí àtẹ láìwo ọwọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ á wà lójú omi. Ẹnì kejì rẹ̀ nídìí ààrò ni Ìyá Rafatu, ọmọ ẹgbẹ́ mi, tó ń kírun, tí kò sì sinmi àwàdà. Á ní, "Èmi kì í ṣe Kìrìsìtẹ́nì o, ẹ jẹ́ kó yé yín. Ẹja mi ló ní kí n jókòó." Síbẹ̀, bí mo bá fo ìtàn Jósẹ́fù, òun ló ń kọ́kọ́ bínú.

Ọjọ́ burúkú yẹn, ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni. A kúrò ní Àgbádárìgì nígbà tí ojú ọ̀run mọ́. A dé àárín ọ̀sà, afẹ́fẹ́ dé láti ìhà òkun, omi sì yí padà bí ẹni tí a jí lójú oorun. Mi ò mọ bí ọkọ̀ ṣe dojú dé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọwọ́ kan tì mí láti ìsàlẹ̀, mo sì bá ara mi lórí ẹ̀yìn ọkọ̀. Maùtin ni. Àpótí ìwé ti ń léfòó lọ.

Mo ní, "Maùtin, fi í sílẹ̀!"

Ó ní, "Ẹ di ọkọ̀ mú. Mò ń bọ̀."

Ó lúwẹ̀ẹ́ tọ àpótí náà lọ. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ lórí rẹ̀. Mo rí i kedere. Lẹ́yìn náà ni òjò ti ilẹ̀kùn.

Àwọn apẹja ló wá gbé mi. Lọ́jọ́ kejì wọ́n rí àpótí náà láàárín koríko etí omi ní Àjídò, kò jìnnà sí ìdí ààrò. Wọn kò rí Maùtin. Wọ́n wá a títí, wọ́n na àwọ̀n, wọ́n pè é lórúkọ lójú omi. A kò rí i dòní.

Ó yẹ kí ẹ mọ bí nǹkan ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Ẹni tí omi bá gbé, wọn kì í gbé òkú rẹ̀ wọ ilé. Etí omi ni wọ́n ń sin ín sí, wọn kì í sì í sunkún rẹ̀ sókè. Ti Maùtin kò tilẹ̀ ní òkú tí a óò sin. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ pé ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Mo rí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn lójú ìyá kan.

Nígbà tí wọ́n gbé àpótí náà wá, Ìyá Maùtin gbà á lọ́wọ́ wọn. Ó ṣí i, omi dà jáde. Ó kó ẹja rẹ̀ kúrò lórí àtẹ ìsàlẹ̀, ó tẹ́ àwọn ìwé náà síbẹ̀, ó da èèpo àgbọn sí iná, ó jókòó tì wọ́n. Òjò kò jẹ́ kí oòrùn yọ, ohun tí obìnrin Àjídò sì mọ̀ ni pé ohun tó bá tutù, iná ni a fi ń gbà á là. Bí ọmọ rẹ̀ ṣe wà nínú omi, tí wọ́n ń wá a, ó ń yí ewé ìwé padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tìṣọ́ratìṣọ́ra, bí ẹni ń yí ẹja tí kò fẹ́ kó fọ́. Kò sẹ́ni tó láyà láti sọ fún un pé a kì í yan ìwé.

Àtẹ ẹja òbòkún wà lókè ti ìwé. Òróró ẹja ń kán sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa gbẹ, ìdajì atọ́ka ti jóná, Bíbélì Ẹ̀gùn sì ti pọ́n bí èèpo igi. Ibi tí òróró kán sí mọ́ gaara bí dígí. Bí o bá ń ka ojú kan, wàá máa rí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, bí ìgbà tí o ń wo ẹja nínú omi tó tòrò. Ìwé yẹn ni mo fi ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ ogbó mi. Títí dòní, bí mo bá ṣí i, òórùn ẹja yíyan ni.

Ìyá Maùtin kò dá mi lẹ́bi rí, kò sì dá ìwé náà lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta yí padà. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ yípo, ó kẹ̀yìn sí ọ̀sà, kò sì wo omi mọ́. Ní ojoojúmọ́, ó ń fi ẹja kan sí igun àtẹ rẹ̀, ẹja tó dára jù, kì í tà á, kì í jẹ ẹ́. Bí ìrọ̀lẹ́ bá lẹ́, á fún apẹja tó bá ń wọ omi pé kó bá òun jù ú síbẹ̀. Ohun kẹta ni pé bí ìwé tí mò ń kà bá ti kan ọkọ̀ tàbí omi, á gbọn aṣọ rẹ̀, á dìde, á lọ sẹ́yìn ilé títí a ó fi parí.

Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló bá mi sọ ọ́. Ó ní, "Òǹkàwé, nínú Ìwé yẹn, ṣé ẹnì kan wà tí omi gbé, tó padà wá, tó sì jẹun?"

Mo ní, "Jónà wà, Ìyá. Ẹja gbé e mì, ó sì pọ̀ ọ́ sí etíkun."

"Ṣé ó jẹun?"

Mo ronú. "Ìwé kò sọ bẹ́ẹ̀, Ìyá."

"Ẹni tó dé tí kò jẹun, òjìji ni. Lọ́jọ́ tí o bá rí èyí tó jẹun, kí o wá pè mí."

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ bá Bàbá Kátíkíìsì. Ó ní, "Máa kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ọjọ́ rẹ̀ bá pé, yóò jókòó." Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ Bàbá lọ sinmi. Ìyá Maùtin kò tíì jókòó. Mo tọpa ọ̀rọ̀ náà nínú ìdajì atọ́ka tó kù sí mi lọ́wọ́, mo sì ń wá ẹni tí omi gbé tó padà wá jẹun. N kò rí i. Gbogbo ìgbà tí mo bá gúnlẹ̀ sí Àjídò, èyí ni mo ń rù kalẹ̀ láti inú ọkọ̀, ó sì wúwo ju àpótí lọ.

Irinṣẹ́ ń yí padà. Ìgbà kan wà tí ìjọ fún wa ní rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti ka Bíbélì sínú rẹ̀. Àwọn obìnrin fara dà á fún ìwọ̀nba ọjọ́. Ìyá Rafatu ló kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde: "Ọkùnrin inú àpótí yìí kò mọ̀ pé ẹja fẹ́ jóná. Òǹkàwé a máa dúró kí a yí ẹja. Èyí kàn ń lọ bí ọkọ̀ akérò tó ń sáré lọ sí Sẹ̀mẹ̀." Nígbà tí afẹ́fẹ́ oníyọ̀ jẹ inú rẹ̀, kò sẹ́ni tó ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Mo tún gbé ìwé mi.

Lẹ́yìn náà ni ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Mo fẹ̀yìn tì. Mo rò pé ó ti parí.

Ọlọ́run sì mú Kẹ́mi wá sí àgbàlá wa. Tíṣà ni, ọmọ Èkìtì, ó ń kọ́ni nílé ìwé kan lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀. Ó bá mi nídìí ìwé mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé e sún mọ́ imú bí ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́.

Ó ní, "Ìyá, ṣé ìwé lẹ ń kà ni àbí ẹ ń gbóòórùn rẹ̀?"

Mo ní, "Méjèèjì."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fa fóònù rẹ̀ yọ. "Ẹ fún mi ní ọ̀rọ̀ kan, mà. Èyí tó bá wù yín."

"Ìmọ́lẹ̀."

Ó tẹ̀ ẹ́. Kí n tó gbé itọ́ mì, gbogbo rẹ̀ ti tò sílẹ̀, láti Jẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn, lẹ́tà rẹ̀ sì tóbi tó èékánná mi. Ó fọwọ́ kan ibì kan, ó di Ẹ̀gùn. Ó fọwọ́ kan ibòmíràn, ohùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Mo ní, "Èló ni wọ́n ń gbà?"

"Ọ̀fẹ́ ni, mà."

"Ọ̀fẹ́ báwo?"

"Ọ̀fẹ́ bí afẹ́fẹ́."

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo sunkún. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ òkùnkùn kò gbọdọ̀ dá òṣùpá lóró. Mo rántí Bàbá Kátíkíìsì lórí ẹní, ìka rẹ̀ nínú ìwé mẹ́ta. Mo rántí ọwọ́ kan lórí àpótí nínú òjò. Ohun tí a fi ẹ̀mí gbé kọjá omi ló wà nínú àtẹ́lẹwọ́ ọmọbìnrin yìí, kò sì wúwo ju ẹyin lọ.

Kẹ́mi ra fóònù olójú ńlá fún mi. A kọ́kọ́ jìyà díẹ̀, torí a sún mọ́ ẹnubodè. Ẹsẹ̀ mi ò ní kúrò nílé, fóònù yóò ti kọjá sí Bẹ̀nẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi Faransé kí mi káàbọ̀. Kẹ́mi wá kọ́ mi láti gba Bíbélì náà sínú fóònù pátápátá, tí kò fi nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo tún kọ́ pé ẹ̀rọ a máa kó ẹja wá, ṣùgbọ́n kì í báni yọ egungun. Ó fi ẹsẹ hàn ọ́, kò sọ ohun tó wà ṣáájú rẹ̀ àti ohun tó tẹ̀ lé e. Ìwọ ni wàá lọ wò ó. Ẹ má gbàgbé èyí.

Bí mo ṣe tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Àjídò nìyẹn, láìsí ẹni tó rán mi. Ọkọ̀ ilẹ̀ ló ń gbé wa débẹ̀ báyìí. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, Kẹ́mi wà pẹ̀lú mi. Ojú ọ̀sà dákẹ́, ó funfun bí wàrà, a kò mọ ibi tí omi parí sí tí ojú ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá Maùtin wà nídìí àtẹ rẹ̀, ó ti darúgbó, ẹ̀yìn rẹ̀ sí omi. Ẹja kan wà ní igun.

Ìyá Rafatu ní, "Ẹ̀rọ yín yìí tó mọ gbogbo nǹkan, ṣé ó mọ ẹja? Ẹ bi í ká gbọ́."

Kẹ́mi ní kí n pe ẹja ní èdè Ẹ̀gùn, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e fún mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bó ṣe tò, ẹsẹ kan lẹ́yìn èkejì. Ẹja tí Ọlọ́run dá. Ẹja tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì rántí pé àwọn jẹ ní Íjíbítì. Ìyá Rafatu ní, "Wọ́n jẹbi kẹ̀? Ta ní í gbàgbé ẹja?" Ẹja inú odò, ẹja tí ó gbé Jónà mì. Ọwọ́ Ìyá Maùtin dúró lórí àtẹ, ṣùgbọ́n ẹsẹ kan péré ni, mo ti kọjá. Mo dé ibi tí wọ́n fún Olúwa ní ẹja yíyan lẹ́yìn tí ó jíǹde, kí wọ́n lè mọ̀ pé kì í ṣe òjìji, ó sì jẹ ẹ́ lójú wọn. Mo kà á kọjá, mo ka àwọn mìíràn, mo sì dé ibi tí wọ́n ti rí iná ẹ̀yín létíkun, ẹja lórí rẹ̀, àti àkàrà.

"Dúró."

Ìyá Maùtin ni.

"Ta ló dá iná yẹn?"

"Olúwa ni, Ìyá."

"Ta ló fi ẹja sí i?"

"Òun náà ni."

"Ta ló fi í dè?"

Mo mọ̀ pé ọkọ̀ àti omi ló wà ṣáájú ẹsẹ yẹn. "Àwọn tó ń ti orí omi bọ̀."

Òróró kán sínú iná, ó dún ṣáà.

Ìyá Maùtin wo ẹja tó wà ní igun àtẹ rẹ̀. Ó ní, "Òun náà a máa fi ẹja sílẹ̀ de ẹni tó wà lórí omi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Kí ló dé tí ẹ ò kà á fún mi láti ọjọ́ yìí?"

"À ń kà á lọ́dọọdún lẹ́yìn Àjíǹde, Ìyá. Ibi tí Pétérù ti ní òun ń lọ pẹja, tí wọ́n wọ ọkọ̀, ibẹ̀ lẹ ti máa ń dìde."

Ó mi orí. Láti ọdún yìí wá, ẹni tí omi gbé ni mò ń wá nínú Ìwé. Ìyá yìí kò wo ẹni tó wà nínú omi, ẹni tó wà nídìí iná ló rí, ó sì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, torí iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe.

Ó ní, "Kà á padà sẹ́yìn fún mi. Ibi iná ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá gbọ́wọ́ sókè, dúró."

Mo gbọ́ òrùka Bàbá Kátíkíìsì lórí bẹ́ǹṣì. Kó! Ojú fèrèsé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà, Bàbá, ẹ foríjì mí. Mo kà á padà sẹ́yìn. Mo kúrò níbi iná, mo dé etí omi, níbi tí àwọn yòókù ti ń wọ́ àwọ̀n tó kún bọ̀. Mo padà sẹ́yìn sí i, mo dé ibi tí Pétérù ti di aṣọ mọ́ra, tó já sínú omi.

Ó gbọ́wọ́ sókè. Mo dúró.

"Ó já sómi fúnra rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Kí ló ń lé?"

"Olúwa ló rí."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè fún ìgbà pípẹ́. Èéfín ń gba àárín ìka rẹ̀ kọjá. Ó ní, "Maùtin náà kò já sómi lásán." Ó sì sọ ọwọ́ náà kalẹ̀.

Mo ń lọ. Ohùn tó pè wọ́n láti etíkun pé, ẹ̀yin ọmọ, ṣé ẹ rí nǹkan pa. Ilẹ̀ tó ń mọ́. Òru tí wọn kò rí ẹja kankan. Ọkọ̀. A wà nínú ọkọ̀, lórí omi, Ìyá Maùtin sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú wa. Kò dìde.

Ó ní, "Ó dára. Tún un kà bí ọ̀gá rẹ ṣe kọ́ ọ."

Mo tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà, mo gba orí omi, mo dé etíkun, mo dé ẹ̀bá iná. Nígbà tí mo dé ibi tí Olúwa ti ní kí wọ́n wá jẹun, ó dìde. Mo rò pé ó ń lọ. Ó na ọwọ́ sí igun àtẹ, ó mú ẹja tó wà níbẹ̀, ó bù ú sí wẹ́wẹ́ sórí ewé, ó gbé e sí àárín wa.

"Mì wá dùnú," ó wí. Ẹ wá jẹun. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà tán ló sọ, àbí ó mọ̀. A jẹ ẹ́. Òun náà jẹ ẹ́. Kẹ́mi ń jẹ ẹ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá Rafatu ní, "Ọmọ Èkìtì, egungun ló há ọ ni?" gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ ayé mi nìyẹn. Bí ẹnì kan nínú yín bá fẹ́ ṣe é, irinṣẹ́ ti wà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú àpò yín, kò sì sí omi tí ẹ máa gbé e kọjá. Ìdúpẹ́ ni kí ẹ fi ṣí i. Ẹ wá lọ jókòó ti ènìyàn kan.

Mo padà sí Àjídò lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹja tún wà ní igun àtẹ Ìyá Maùtin, èyí tó dára jù, bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ bi í léèrè. Nígbà náà ni mo rí i pé ojú rẹ̀ ni mò ń wò láti ọ̀nà etí omi tí ọkọ̀ já mi sí, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ti gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ yí padà. Ó kọjú sí ọ̀sà, ọwọ́ rẹ̀ ń yí ẹja láìwò ó, ó ń wo ibi tí omi àti ojú ọ̀run ti pàdé, bí ẹni tó mọ̀ pé iná òun kọ́ ni iná kan ṣoṣo tó ń jó létíkun.